Níbo Ni Orí Wáyà Wà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ṣíṣí Òpó Ẹ̀jẹ̀ Ọkàn Tó Ti Dí Pátápátá

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Òṣogbo fún àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, àwọn tó ní àìsàn ọkàn àti ẹbí wọn.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ìlera, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà ní ìdúró nítorí pé àga ò kárí, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìṣòro tó máa ń yọjú nígbà tí a bá fẹ́ ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó ti dí pátápátá. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí dókítà ti sọ fún pé òpó kan nínú ọkàn wọn ti dí pa, tí wọ́n sì délé tí oorun ò kùn wọ́n. Nítorí tiwọn ni màá ṣe ṣàlàyé láti ìdí wá, kí ẹ̀yin oníṣẹ́ ìlera bá mi mú sùúrù.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá. Àwọn èèyàn rò pé líle ìdíwọ́ náà ni wàhálà wa, pé ọwọ́ tó lágbára ló máa gbà á kọjá. Ohun tó ń dààmú wa gan-an ni ìbéèrè kan tí a máa ń bi ara wa láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin: níbo ni orí wáyà wà báyìí? Wáyà yìí ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ti gba òpó ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ tàbí itan dé ọkàn, ká lè fi la ìdíwọ́ kọjá. Gbogbo irinṣẹ́ tí mo máa dárúkọ, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń wá.

Ọkàn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ká gbogbo ara nílò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Òpó mẹ́ta pàtàkì ló ń gbé e fún un. Ọ̀kan gba iwájú wálẹ̀, ọ̀kan yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ọ̀kan gba ọwọ́ ọ̀tún lọ sísàlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti fẹ̀ jù, ìbú inú wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 4 lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá àti sìgá ló máa ń ba ògiri wọn jẹ́. Bí ọ̀rá tó gbá jọ sára ògiri bá là lójijì, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, òpó á sì dí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìkọlù ọkàn nìyẹn, eré la máa ń sá sí i. Ohun tí mò ń sọ lónìí yàtọ̀. Òpó tó ti dí pátápátá fún oṣù 3 ó kéré tán ni, tí ẹ̀jẹ̀ kankan kì í gba inú rẹ̀ kọjá mọ́. Nínú àwọn tí a yẹ òpó ọkàn wọn wò tí a bá àìsàn níbẹ̀, ó tó bí ẹni 1 nínú 5 tàbí 6 tó máa ń ní i.

Bí òpó bá dí pa, kí ló dé tí onítọ̀hún ṣì wà láàyè? Àwọn òpó tíntìntín wà tó so òpó ńlá kan mọ́ èkejì. Bí ìdíwọ́ bá ń le sí i díẹ̀díẹ̀, àwọn òpó kékeré yìí á máa fẹ̀, wọ́n á máa bu ẹ̀jẹ̀ lára òpó tó ṣì dára lọ fún apá ibi tí ebi ń pa. Òun ni kò jẹ́ kí ẹran ọkàn ibẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n èyí tó tó ẹni tó jókòó kì í tó ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìyá aláró tó na ọwọ́ sínú ìkòkò aró, tó ń fa àdìrẹ tó ti mu omi yó jáde, á mọ ohun tí mò ń wí. Àyà á fún un, èémí á kúrú, apá á wúwo. Bó bá sinmi díẹ̀, á lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń pe ìyẹn ní àgbà tó dé. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní sọ pé nǹkan kan ń dun àwọn. Ẹni tó máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Ọjà Ọba dé Ọláìyá á kàn bẹ̀rẹ̀ sí gun ọ̀kadà, kò sì ní mọ̀ pé ọkàn òun ló ń dá òun dúró.

Ṣé gbogbo òpó tó dí ló wá yẹ ká ṣí? Rárá o. Mo fẹ́ sọ èyí kí n tó mẹ́nu kan irinṣẹ́ kankan, nítorí ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹbí tó ta ilẹ̀ nítorí àwòrán, tí aláìsàn fúnra rẹ̀ kò sì ní ìnira kankan. Ní Yúróòpù, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní EuroCTO, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Wọ́n fi àwọn tí wọ́n ṣí òpó wọn wé àwọn tó ń lo oògùn nìkan. Lẹ́yìn ọdún 1, àyà fífún ti dín kù jù lára àwọn tí wọ́n ṣí òpó wọn, ara sì gbé wọn ju àwọn yòókù lọ. Ní 2019, ìwádìí DECISION-CTO, tí ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ wáyé ní Kòríà pẹ̀lú aláìsàn tó lé ní 800, kò rí i pé ṣíṣí òpó dín ikú tàbí ìkọlù ọkàn kù. Ìwádìí méjèèjì kò rí iye aláìsàn tí wọ́n ń wá, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi wọ́n búra. Síbẹ̀, ibi tí mo dúró sí ni pé ìnira aláìsàn tí oògùn kò ká ni ìdí tó lágbára jù láti ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò ní ìnira, tí ẹran ọkàn rẹ̀ níbẹ̀ sì ti kú di àpá, èmi ò ní gbé e sórí tábìlì. Ẹni tí òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ bàjẹ́, tó tún ní àtọ̀gbẹ, ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ ọkàn wà níbi tí a ti ń pinnu, torí pé iṣẹ́ abẹ tó ń la ọ̀nà tuntun gba ẹ̀gbẹ́ ìdíwọ́ kọjá lè san án jù.

Ó ti pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń wá ọ̀nà wọ inú ọkàn. Ní 1929, Werner Forssmann, ọ̀dọ́ dókítà kan ní Jámánì, ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba apá ara rẹ̀ títí ó fi dé inú ọkàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, ní Zurich, Andreas Gruentzig fẹ́ bálúùnù kékeré nínú òpó ọkàn èèyàn tó lajú sílẹ̀, ó sì fi í fẹ òpó náà. Òpó tó há ni Gruentzig ṣe, ihò ṣì wà níbẹ̀ tí bálúùnù lè gbà. Nínú òpó tiwa yìí kò sí ihò. Àwa la máa kọ́kọ́ wá a.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Lórí ìdíwọ́, ní apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀, ìdérí kan wà tó sábà máa ń le koko. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àdàlù ẹ̀jẹ̀ tó ti dì di àpá, ọ̀rá, àti kálísíọ̀mù. Ní òpin rẹ̀, ìdérí kejì wà, èyí sì sábà máa ń rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa nílò rẹ̀ níwájú.

A kì í fọwọ́ kan wáyà ká tó ka àwòrán. Bí a bá ta dáì, ìyẹn omi tó ń jẹ́ kí òpó hàn lójú X-ray, sínú òpó tó dí yẹn nìkan, kùkùté lásán la máa rí. Ibi tí òpó ti tún bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì kò ní hàn, torí pé òpó mìíràn ló ń bọ́ ọ. Nítorí náà ọ̀nà méjì la máa ń gbà wọlé, bóyá ọrùn ọwọ́ àti itan, bóyá ọrùn ọwọ́ méjèèjì, a ó sì ta dáì sínú òpó tó dí àti òpó tó ń bọ́ ọ papọ̀. Ìgbà yẹn ni a ó rí orí ìdíwọ́ àti ìdí rẹ̀, bó ṣe gùn tó, bí òpó ọ̀hún ṣe rí, àti àwọn òpó kékeré tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Bí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó ń gba aláìsàn lọ́wọ́ ewu jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, èyí ni màá mú. Kò gba irinṣẹ́ olówó ńlá, kò sì pẹ́. Síbẹ̀ òun ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò.

Àwọn ará Japan gbé ìwọ̀n kan jáde ní 2011, J-CTO ni wọ́n ń pè é. Ó ń fún òpó ní àmì 1 bí orí ìdíwọ́ bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò ṣóńṣó, àmì 1 bí kálísíọ̀mù bá wà níbẹ̀, àmì 1 bó bá tẹ̀ ju dígírì 45 lọ, àmì 1 bó bá gùn tó mìlímítà 20, àti àmì 1 bí wọ́n bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí tí kò bọ́ sí i. Èyí tó bá gba 0 lè tètè là. Èyí tó bá gba 3 sókè, ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú ni kí ẹ wá fún un.

Ó kan wáyà wàyí. Sísanra rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.36. Orí àwọn kan tún ṣóńṣó dé nǹkan bíi 0.23. Gíráàmù la fi ń wọn líle orí wáyà, ìyẹn iye ìwúwo tó lè tẹ̀ ẹ́. Ti ojoojúmọ́ máa ń wà ní àyíká gíráàmù 1, àwọn tó le jù lé ní 12. Wáyà olórí ṣóńṣó tó sì le, yóò gún ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdíwọ́ àti ògiri òpó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi píìnì ti okùn gba ojú ìdí ṣòkòtò tó ní láínìnì rí, ẹ mọ̀ pé píìnì lè yà sáàárín aṣọ òkè àti láínìnì. Ẹ ó máa tì í, á máa lọ, ọwọ́ yín á ní ó ń lọ, kò sì sí lójú ọ̀nà mọ́. Ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, àárín àwọn ìpele wọ̀nyẹn sì ni wáyà máa ń yà sí. Ibi mẹ́ta péré ló lè wà: nínú ihò òpó gan-an, nínú ògiri, tàbí níta òpó pátápátá. Lójú fídíò X-ray, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọra bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yí ẹ̀rọ, ká wò ó láti ọ̀tún, ká tún wò ó láti òsì, kí dáì láti òdìkejì sì máa fi ibi tí ihò òtítọ́ wà hàn wá. Bí orí wáyà bá ń jó fàlàlà ní gbogbo ìgbà tí a bá yí i, tó sì ń wọ àwọn ẹ̀ka òpó, ọkàn wa á balẹ̀ díẹ̀. Bó bá há, tí kò yí mọ́, ògiri ló wà.

Kì í ṣe wáyà nìkan ló ń lọ. Rọ́bà kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, tí wáyà ń gba inú rẹ̀, tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Òun ló ń fún wáyà lágbára, òun ló sì ń jẹ́ ká lè pààrọ̀ wáyà láìpàdánù ibi tí a ti dé. Bí a bá ti fi wáyà líle gún ìdérí, ó yẹ ká tètè pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó rọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù nìyí. Bí wáyà nìkan bá yọ síta òpó, ihò rẹ̀ kéré. Bí a bá fà á padà, ó sábà máa ń pa dé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti rọ́bà tàbí bálúùnù tẹ̀lé e jáde, ihò yẹn á di ọgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde gbalagbala sínú àpò tó yí ọkàn ká. Àpò yẹn kì í fẹ̀ kíá. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ tó láti fún ọkàn pa. Nítorí náà òfin tí kò yẹ kó yẹ̀ ni pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ tẹ̀lé wáyà títí a ó fi mọ ibi tí orí rẹ̀ wà. Bákan náà, bí wáyà bá ti wà nínú ògiri, ẹ má ta dáì láti iwájú. Agbára dáì á ya ògiri sí i, ẹ̀jẹ̀ á gbá jọ síbẹ̀, á sì tẹ ihò òtítọ́ tí a ń wá mọ́lẹ̀.

Láyé àtijọ́, bí wáyà bá ti wọ ògiri, iṣẹ́ parí nìyẹn. Lónìí, ògiri náà ti di ọ̀nà. A lè ká orí wáyà rírọ̀ pọ̀ kó di kókó, ká sì ti kókó yẹn gba àárín ìpele ògiri kọjá gbogbo gígùn ìdíwọ́. Ó lè ya yín lẹ́nu pé kókó tó tóbi yìí kì í tètè lu òpó jáde bíi ti wáyà ṣóńṣó. Ògiri òde máa ń na fún un ni, kì í gún un. Lẹ́yìn tí a bá ti kọjá, a ó wá padà wọ ihò òtítọ́. Bálúùnù pẹlẹbẹ kan wà fún èyí, tó ní ojú ihò méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Bí ó bá tẹ́ sínú ògiri, ojú kan á kọjú sí inú òpó, èkejì á kọjú síta, a ó sì rán wáyà gba ojú tó yẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni kí a tètè padà wọlé. Bí a bá pẹ́ nínú ògiri, a lè tẹ ẹnu àwọn ẹ̀ka òpó pa, àwọn ẹ̀ka wọ̀nyẹn sì wà lára ohun tí a torí rẹ̀ wá.

Ẹ rántí ìdérí kejì tí mo ní ó rọ̀. Àwọn dókítà ilẹ̀ Japan, tí Osamu Katoh wà lára wọn, ló sọ gbígba ẹ̀yìn wọlé di iṣẹ́ tó ní ìlànà. Wọ́n á gba inú òpó tó dára, wọ́n á tọ ọ̀kan nínú àwọn òpó kékeré tó ń bọ́ òdìkejì, wọ́n á sì dé ìdí ìdíwọ́ láti ẹ̀yìn. Wáyà kan á ti iwájú wá, èkejì á ti ẹ̀yìn wá, a ó fẹ́ bálúùnù kí àyè wọn lè di ọ̀kan, wáyà ẹ̀yìn á sì wọ inú rọ́bà tó wà níwájú. A ó fà á jáde láti orí kan dé èkejì. Wáyà tó lé ní mítà 3 la ń lò fún un. Iṣẹ́ yìí wú mi lórí púpọ̀, ó sì ń bà mí lẹ́rù, torí pé òpó tí a gbà kọjá ni òpó tó ń gbé ọkàn náà ró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú rẹ̀, tàbí tí rọ́bà bá ya ẹnu rẹ̀, ibi méjì ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì tó ń yẹ dídì ẹ̀jẹ̀ wò léraléra, tó ń sọ fún wa pé heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ti ń tán lára aláìsàn, fi ṣe pàtàkì bíi dókítà tó di wáyà mú.

Ní 2012, àwọn oníṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà kó gbogbo ọ̀nà náà jọ sí ètò kan: ka àwòrán, yan ọ̀nà àkọ́kọ́, bí kò bá ń lọ, tètè yà sí òmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó ti ọ̀nà kan fún wákàtí méjì nítorí ìgbéraga.

Nígbà míì, wáyà á ti kọjá síbi tó yẹ, bálúùnù á wá kọ̀ láti wọlé. Kálísíọ̀mù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ó mú bálúùnù tó kéré jù, mìlímítà 1 sí 1.5. A lè fi rọ́bà mìíràn gùn ún lẹ́yìn kó lè ní ìtìlẹ́yìn, tàbí ká fẹ́ bálúùnù kejì sínú ẹ̀ka òpó kan kó di gbogbo rẹ̀ mú ṣinṣin. Bí gbogbo ìyẹn bá kùnà, orí kan wà tí wọ́n fi eruku dáyámọ́ńdì bò, tó ń yí ju 100,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan, tó ń lọ kálísíọ̀mù kúnná. Fún èyí tó wọlé tán tí kò fẹ̀, bálúùnù tó ń fi ìró gbọn kálísíọ̀mù sán wà.

Bí òpó bá lu, ohun àkọ́kọ́ ni kí a fẹ́ bálúùnù dí ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Stent, ìyẹn páìpù kékeré onírin tó ń di òpó mú kó má pa dé, èyí tí wọ́n fi awọ bò wà fún òpó ńlá. Fún òpó kékeré, a lè fi wáyà kíká tàbí ọ̀rá díẹ̀ láti abẹ́ awọ aláìsàn fúnra rẹ̀ dí i. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú àpò ọkàn gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, kì í ṣe ní ilé ìkẹ́rù.

Kí a mọ ìgbà tí a máa dúró náà wà lára iṣẹ́. Dáì ń ni kíndìnrín lára, pàápàá ti alátọ̀gbẹ. Ìtànṣán X-ray ń kó jọ sára awọ. Bó bá ti tó Gy 5 (Gy la fi ń wọn ìtànṣán) tí wáyà kò tíì kọjá, ó yẹ ká máa palẹ̀ mọ́. Dídúró kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ṣòfò. A lè fi bálúùnù fọ́ ìdíwọ́ náà díẹ̀, ká sì ní kí aláìsàn padà wá lẹ́yìn oṣù 2. Nígbà míì a ó bá a pé ẹ̀jẹ̀ ti ń gbà á. Lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa, òpó 85 sí 90 nínú 100 ló máa ń là, ìjàmbá ńlá sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bíi 3 nínú 100. Lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe é déédéé, kò rí bẹ́ẹ̀.

Bó bá ti là, stent la ó fi gbé e dúró. Òpó tí ebi ti pa fún ọ̀pọ̀ oṣù máa ń sún kì, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú òpó ló yẹ kó sọ ìwọ̀n stent, kì í ṣe ojú lásán. Aspirin àti clopidogrel tí wọ́n bá fún yín lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú stent, ẹ má dá a dúró nítorí pé àyà ò dùn mọ́, ẹ má sì fi àgbo rọ́pò rẹ̀. Dókítà ló máa sọ oṣù tí ẹ máa lò ó dé.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan dìde, wọ́n ní ṣé dandan ni kí ọkọ àwọn lọ sí Íńdíà. Mo ní, "Mà, kì í ṣe dandan." Àwọn ilé ìwòsàn tó ní yàrá irú iṣẹ́ yìí wà ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò pọ̀, tí púpọ̀ nínú wọn sì wà ní Èkó àti Abuja. Kí bàbá kọ́kọ́ rí dókítà ọkàn nítòsí, ní Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN níbí tàbí ní Ifẹ̀, kí wọ́n fi oògùn tọ́jú àyà fífún yẹn dáadáa ná. Bí ìnira bá ṣì wà, ẹ bi ilé ìwòsàn tí ẹ bá fẹ́ lọ léèrè bóyá wọ́n máa ń ṣe òpó tó dí pa déédéé, bóyá wọ́n ń ta dáì láti ọ̀nà méjì, àti ohun tí wọ́n ní nílẹ̀ bí òpó bá lu. Ẹ má tijú láti béèrè. Ẹ sì gba fídíò àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún bàbá sórí CD tàbí fláàṣì, kì í ṣe ìwé àbájáde nìkan. Ìwé á kàn sọ pé òpó ti dí. Kò ní sọ bí orí ìdíwọ́ ṣe rí, kò sì ní fi òpó tó ń bọ́ òdìkejì hàn, dókítà tó máa di wáyà mú sì ní láti fi ojú ara rẹ̀ rí ìyẹn kó tó dá yín lóhùn.